Orúkọ Tí Mo Jẹ́ Lórí Rédíò

Bùkọ́lá ọmọ mi,

Má bínú pé mo kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pè ọ́ lórí fóònù bí mo ṣe máa ń ṣe, kí n bi ọ́ bóyá o ti jẹun, kí n sì gbé fóònù fún màmá rẹ. Ìwọ ti parí yunifásítì, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún kìíní, ní ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, tí àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí ní Dádì, tí àyà mi sì máa ń já nígbàkígbà tí olùkọ́ bá wo apá ibi tí mo jókòó sí. Ta ni mí tí màá máa gbà ọ́ nímọ̀ràn? Mo ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti fà á ya lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí ni ìkẹrin. Bí ọ̀rọ̀ mi bá rí ségesège, bá mi fojú fò ó.

Ìròyìn tí o mú wá lọ́jọ́ Àìkú ló gbé mi dé ìdí ìwé. O ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìwọ ni wàá máa gbé fóònù ètò òwúrọ̀ nílé iṣẹ́ rédíò yẹn ní Ìkẹjà, ètò tí àwọn ará ìlú ti ń sọ èrò wọn nípa ọ̀nà tuntun, ọjà tí wọ́n fẹ́ kó kúrò, àti ilé iṣẹ́ tó ń kógbá wọlé. O ní ìwọ ni wàá máa yan ẹni tó máa sọ̀rọ̀ àti ẹni tí kò ní sọ̀rọ̀. Màmá rẹ jó. Èmi rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì dìde lọ sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí o tẹ̀lé mi wá béèrè pé kí ló dé, mo ní èéfín ló wọ̀ mí lójú. Kò sí èéfín kankan, Bùkọ́lá.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà díẹ̀, torí mi ò lè gba ọ̀nà tààrà sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà tí mo dé Èkó láti Ìjẹ̀bú. Yàrá kan ní Agége, lẹ́yìn ojú irin, ni èmi àti ọkùnrin mẹ́ta jọ ń gbé, tí mò ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀ lọ sí Ìkẹjà, níbi tí a ti ń ṣe abọ́ ike. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ sílé fún ọdún, Ìkẹjà ni mo máa ń sọ pé mò ń gbé. Bàbá mi á béèrè pé níbo ní Ìkẹjà, màá ní nítòsí ọ́fíìsì ìjọba ni. Ní Kérésìmesì kan, ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé yàrá, Gàníyù, tẹ̀lé mi lọ sílé. Mo ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá mi bi í pé ṣé òun náà ń gbé Ìkẹjà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti balùwẹ̀: "Rárá o, bàbá. Agége ni gbogbo wa wà. Ẹ̀yìn rélùwéè."

Bàbá mi kò bá mi wí. Láti ọjọ́ náà, Ará Ìkẹjà ló kàn ń pè mí títí ó fi kú. Bó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀ lójú àlejò, màá wo ilẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí pé lọ́jọ́ Àìkú yẹn kan náà, ẹnì kan láti ibi iṣẹ́ rẹ pè ọ́, ó bi ọ́ níbi tí ò ń gbé, o sì ní Ìkẹjà. Mo gbọ́. Èmi ni mo bá ọ gbé bẹ́ẹ̀dì wọ yàrá tí o gbà ní Agége, mo mọ ojúlé rẹ̀. Mi ò bínú. Ẹ̀rù ló bà mí, torí mo mọ ibi tí irú irọ́ kékeré bẹ́ẹ̀ lè gbé èèyàn dé. Bí wọ́n bá tún bi ọ́, Àdùkẹ́ mi, sọ pé Agége. Kò sí ohun tó ṣe Agége. Ìyẹn ni ìmọ̀ràn kìíní.

O rántí ìgbà tí ilé iṣẹ́ abọ́ ike wa kógbá wọlé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n tú àwọn ẹ̀rọ lọ, wọ́n kun ara ògiri ní funfun, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó. Mo jókòó sílé ní Ògbà, ní Ìkẹjà gidi báyìí, pẹ̀lú rédíò. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilé iṣẹ́ tó ń di gbọ̀ngàn, mo bá pè. Ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ náà dára, torí mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo sọ bí fèrè ìyípadà iṣẹ́ ṣe máa ń dún, tí gbogbo òpópónà á kún fún èèyàn, àti bó ṣe jẹ́ pé nísinsìnyí ọjọ́ Sátidé nìkan ni ibẹ̀ ń ní èrò. Atọ́kùn ètò náà ní, "Bàbá, ẹ kú làákàyè. Kí la ó máa pè yín?" Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ pé kí wọ́n máa pè mí ní Ará Ìkẹjà.

Ìyìn yẹn ló kó bá mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí òwúrọ̀ kan kọjá. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ bíríìjì, mo ní èrò. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, mo ní èrò. Àwọn tó ń bá mi pàdé níbi tí wọ́n ti ń fátẹ́gùn sí táyà á ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ gọ́tà lọ́la, màá mi orí bíi mínísítà. Màmá rẹ nìkan ni kò gbà fún mi. Ó ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ẹ ò tíì gun ọkọ̀ ojú irin yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ fi ń yìn ín láti àárọ̀." Mo ní kó lọ gbé oúnjẹ wá.

Ó wá di òwúrọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ibì kan lẹ́bàá ojú irin ní Agége, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń yọ́ agolo àti páànù àlòkù, tí wọ́n ń dà á sínú yanrìn láti fi ṣe ìkòkò ìdáná. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń ráhùn nípa èéfín ibẹ̀, ìjọba sì ń rò ó bóyá kí wọ́n kó wọn kúrò. Atọ́kùn náà ní, "Lónìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nìkan la fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin ará Ìkẹjà, ẹ lọ jókòó ná." Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Ó dùn mí, Bùkọ́lá. Kò yẹ kó dùn mí, àmọ́ ó dùn mí. Mo gbé fóònù, mo pè. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí ìwọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé àdúgbò náà ni mò ń gbé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ni orúkọ mi. Mi ò ronú. Mo kàn wá orúkọ tó máa jọ ti ará ibẹ̀, mo ní, "Bàbá Rídíwánù." Kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn.

Mo mú ohùn mi wálẹ̀ kí atọ́kùn má bàa dá mi mọ̀. Mo ní, "Ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Èéfín yẹn ń ba ìlera àwọn ọmọ wa jẹ́, àwọn ọmọọ̀ta sì ń sá pamọ́ sáàárín wọn. Kí ìjọba má wulẹ̀ fún wọn ní àkókò kankan. Kí wọ́n kó wọn kúrò lọ́sẹ̀ yìí."

Ta ló sọ fún mi pé àwọn ọmọọ̀ta wà níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ó bá ọ̀rọ̀ náà mu ni.

Atọ́kùn ní kí gbogbo ayé gbọ́, pé ọmọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Wọ́n tún gbé ohùn mi sí afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kátápílà fi dé ibẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú ìròyìn, mo sì sọ fún màmá rẹ pé, ṣé o rí i, wọ́n ń gbọ́ wa.

Ó ti lé ní ọdún méjì. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ àti màmá rẹ fi ipá mú mi wọ ilé ẹ̀kọ́, ìwọ lo bá mi kọ fọ́ọ̀mù. Ní oṣù kejì, olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa bí ìlú ṣe ń dàgbà fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní kí olúkúlùkù lọ sí ibì kan tó ti yí padà, kó bi ẹnì kan tó mọ ibẹ̀ dáadáa ní èrò rẹ̀. Ó ní, "Mi ò fẹ́ èrò tiyín. Ẹ máa mú èyí tí ẹ bá gbọ́ wá." Ẹ̀rù bà mí púpọ̀. Àwọn ọmọdé yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, èmi kò mọ nǹkan kan. Mo ro ibi tí mo rò pé mo mọ̀, mo sì yan ibi ìkòkò yẹn. Mo fẹ́ lọ kọ pé ibẹ̀ ti dára.

Nígbà tí mo débẹ̀, ògiri gíga ni mo bá, wọ́n ti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀, kọ́ńtáínà wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó tó ọmọ ogójì ọdún ló jẹ́ gáàdì ẹnu géètì. Àpá iná wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó fún mi ní ìdajì bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo ní sítúdẹ́ǹtì ni mí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Sítúdẹ́ǹtì báwo, bàbá? Ẹ̀yin ni àbí ọmọ yín?"

Mo ní èmi ni. Ó ní kí Ọlọ́run bá mi ṣe é, ó sì lọ ra omi inú ọ̀rá fún mi. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ń fi ọwọ́ júwe láti ìta ògiri: ibí ni wọ́n máa ń kó yanrìn sí, ibẹ̀ ni iná wà, ọ̀hún ni àwọn obìnrin ti máa ń ha ara ìkòkò títí á fi dán. Ó ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun, Alájì tó jẹ́ olórí wọn ló kọ́ òun níṣẹ́. Mo bi í nípa èéfín. Kò purọ́ fún mi. Ó ní èéfín wà, òun gan-an máa ń wúkọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn fúnra wọn fi kọ̀wé pé àwọn fẹ́ kó lọ sí ilẹ̀ kan lápá Ìfọ̀, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí àwọn jọ kó lọ lẹ́yìn Iléyá, kí àwọn lè gbé irinṣẹ́ àwọn. Ó ní àwọn tó wá láti ọ́fíìsì ìjọba ti ń gbà. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń kọ. Mo wá ní kó sọ orúkọ rẹ̀ kí n kọ ọ́ sí òkè ìwé.

Ó gbé ọwọ́ lé ìwé mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má kọ orúkọ mi. Orúkọ mi ni wọ́n fi lé wa kúrò níbí."

Mi ò tíì mọ ohun tó ń bọ̀. Mo bi í pé báwo.

Ó ní Rídíwánù ni àkọ́bí òun, orúkọ yẹn sì ni gbogbo ayé fi ń pe òun. Ó ní ọkùnrin kan lọ sí orí rédíò, ó ní òun ni Bàbá Rídíwánù tó ń gbé ibẹ̀, ó sọ pé ọmọọ̀ta wà láàárín wọn, ó ní kí wọ́n má ṣe fún wọn láyè. Ohùn náà lọ láti fóònù dé fóònù. Alájì pè é síwájú gbogbo wọn. Bàbá Rídíwánù gbé Kùránì, ó búra. Àwọn kan ní ohùn náà kì í ṣe tirẹ̀, àwọn kan ní èèyàn lè yí ohùn padà. Ẹnì kan wá béèrè pé, "Bàbá Rídíwánù mélòó ló wà níbí?" Òun nìkan sì ni.

Wọ́n kó lọ sí Ìfọ̀, wọn ò mú un dání. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélógún tó bá a lọ síbi fídáù. Bí ìyàwó rẹ̀ bá kí ìyàwó Alájì lọ́jà, obìnrin náà á yíjú. Ó ní, "Kíkó tí wọ́n kó wa kúrò kò dùn mí tó èyí tí Alájì gbà pé èmi ni."

Ó wò mí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, bàbá, ṣé èèyàn lè lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò yẹn lọ béèrè ẹni tó pè lọ́jọ́ náà?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo ń mu omi rẹ̀. Mo ní màá bá a béèrè. Mo gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, mo dìde, mo lọ.

Èyí tó burú jù kọ́ nìyẹn. Mo jókòó, mo kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, mo sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ bó ṣe bẹ̀ mí. Olùkọ́ ka iṣẹ́ mi sétí kíláàsì. Ó ní èyí ló dára jù lọ nínú gbogbo wọn, pé ẹni tó kọ ọ́ mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ará ìlú. Àwọn ọmọ yẹn pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe Dádì, Dádì. Mo dìde, mo sì tẹríba fún wọn. Bí mo bá rántí pé mo tẹríba, ara mi máa ń gbóná láti ẹsẹ̀ dé orí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ Àìkú. Mo rí ọ lẹ́nu fóònù yẹn, mo sì rí ara mi ní ẹnu kejì.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí ẹnì kan bá pè tó ní ibì kan lòun ń gbé, má kàn gbà á gbọ́. Bi í pé kí ló máa kọ́kọ́ rí bó bá ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ láàárọ̀. Ará ibẹ̀ á sọ fún ọ nípa gọ́tà tí kò ṣàn, ẹ̀rọ iná aládùúgbò rẹ̀, obìnrin tó ń din àkàrà ní igun òpópónà. Ẹni tó bá ń sọ ìdàgbàsókè, ìdàgbàsókè, tí kò lè dárúkọ nǹkan kan, rọra bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn bi mí bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti pa fóònù.

Má sì jẹ́ kí ohùn dídùn tàn ọ́. Èmi ní ohùn dídùn. Bàbá Rídíwánù máa ń kálòlò díẹ̀ bí inú bá ń bí i. Ó sọ fún mi pé òun pe rédíò náà lọ́jọ́ kejì láti sẹ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kó dúró lórí ìlà, ó dúró títí káàdì fóònù fi tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwọ ni kí o pè é padà. Bí ọ̀gá rẹ bá ní àkókò ò sí, bẹ̀ ẹ́.

Mi ò ní kí ìlú má dàgbà. Bó o bá bi mí lónìí bóyá ó yẹ kí wọ́n kó àwọn oníkòkò yẹn kúrò níbẹ̀, mi ò lè dá ọ lóhùn dáadáa. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lẹ́yìn ibẹ̀, èéfín náà sì ń wọlé sí wọn. Bóyá ó yẹ kí wọ́n lọ. Àmọ́ àwọn tó mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n lọ ti ń sọ ọ́, ohùn mi ló bò ó. Mo máa ń rò ó pé láti ìgbà tí mo ti ń kàwé, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ dájú ni iye nǹkan tí mi ò mọ̀. Bóyá olùkọ́ mi máa ní ìyẹn kéré jù fún ìdánwò.

Mi ò rántí ìmọ̀ràn mélòó ni mo ti fún ọ. Èyí tó kù rèé. Bí o bá ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wàá sì ṣe é, padà lọ bá ẹni tó kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi lọ sí ẹnu géètì yẹn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí olùkọ́ ka iṣẹ́ mi. Nígbà àkọ́kọ́, mo dúró ní òdìkejì, mo ra ẹ̀pà, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì padà sílé. Nígbà kejì, wọ́n ní kò wá síbi iṣẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò wá. Bàbá rẹ nìyẹn.

Ní àná, mo pè é lórí fóònù kí n má bàa lè sá mọ́. Mo ní mo ti rí ẹni tó pe rédíò. Ó bi mí pé ṣé ọkùnrin náà máa gbà láti wá. Mo ní á wá. Ó pe Alájì lójú ẹsẹ̀, ó sì pè mí padà. Alájì ní kí a wá sí Ìfọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, nígbà tí gbogbo wọn máa wà níbẹ̀. Bàbá Rídíwánù ní, "Ẹ mú un wá, bàbá. Ẹ sọ fún un pé a ò ní lù ú." Mo ní màá mú un wá.

Kò mọ̀ pé èmi nìkan ni màá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n lè máà dárí jì mí, mi ò sì ní lè bínú. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí Alájì gbọ́ ohùn mi létí ara rẹ̀, kó mọ̀ pé ohùn orí rédíò ọjọ́ náà ni, kó sì pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí lẹ́tà yìí, pàápàá màmá rẹ, kí ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un bí mo bá dé. Bó bá gbọ́ kí n tó lọ, kò ní bá mi jà. Á wé gèlè, á ní òun ń bọ̀. Bó bá sì tẹ̀lé mi, òun ló máa kúnlẹ̀, òun ló máa sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe dára jù, tí gbogbo wọn á máa wo ojú rẹ̀, èmi á sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó kàn sìn ín wá. Mo mọ ara mi, màá jẹ́ kó sọ ọ́. Jọ̀wọ́, Bùkọ́lá, má sọ fún un.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.